Abọ́ Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Oko Mi Kì Í Ṣe Ẹbọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ná. Gbogbo ẹni tó gba ọ̀nà oko wa kọjá ní Ìkọ̀lé láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún yìí ló rí i: kẹ́ẹ̀gì ńlá tí a là sí méjì, omi kan tó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ nínú rẹ̀, àpò ìrẹsì tí a ká sínú omi náà, igi méjì tí a gbé dábùú ọ̀nà, àti aṣọ pupa tí mo so mọ́ ọ̀kan nínú igi náà kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Èmi ni mo fà á pẹ̀lú aṣọ pupa yẹn. Ìyá kan tó ń lọ oko ẹ̀gẹ́ rí i ní ìdájí, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fi ọwọ́ yí orí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní orí òun kò gbà á, ó sì ya gba inú igbó lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti dé ọjà pé Ìyá Tíṣà gbẹ́bọ sí ìyànà.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ kan kò gba ọ̀nà yẹn àfi èmi, Bàbá Ìbejì àti dókítà ẹran. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Mà, ká ní mo ti mọ̀ ni, aṣọ pupa ni ǹ bá máa so kiri. Ìwé ìkéde tí à ń lẹ̀ mọ́ igi, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́.”

Sódà áàṣì ni mo pò sínú omi náà, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń rà lọ́jà. Gíráàmù 400 sínú omi lítà 10. Ẹni tó mọ kánún mọ ìbátan rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì àrùn ẹnu àti pátákò tó wọ inú ọgbà màlúù mi kò fara da ohun tó kan bí ọtí kíkan, kò sì fara da ohun tó gbóná lẹ́nu bíi kánún. Ìdí tí mo fi ní kí gbogbo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ki bàtà bọ inú àpò yẹn nìyí.

Ẹni tí kò mọ̀ mí, olùkọ́ Báọ́lọ́jì ni mí. Owó alájẹṣẹ́kù ni mo fi ra abo màlúù méjì àkọ́kọ́, wọ́n bí, mo rà kún un, wọ́n di mẹ́fà, bùnájí funfun, irú màlúù àwọn Fúlàní, ni gbogbo wọn. Láti ìgbà tí òfin tó de dídaran káàkiri ti jáde ní Èkìtì ní 2016 ni ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù níbí ti mọ̀ pé ọgbà ló kù, nítorí náà ilẹ̀ ọkọ mi létí odò ni mo yí wáyà ká. Bàbá Ìbejì ló ń bá mi tọ́jú wọn. Fúlàní ni, ṣùgbọ́n Ìkọ̀lé ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì sí, orúkọ tí gbogbo àdúgbò sì fún un nìyẹn. Ó gbọ́ èdè Èkìtì ju àwọn ọmọ mi tó wà ní Èkó lọ.

Ní oṣù kìíní, mo lọ ra akọ màlúù kan ní ọjà kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ga, ó sán gidi, ó ń rìn bí ẹni pé òun ló ni ọjà. Nígbà tí a já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá Ìbejì wò ó yí ká, ó ní, “Màmá Tíṣà, ẹ jẹ́ ká so ó sí òdìkejì odò. Kó dá wà fún oṣù kan ná.” Mo ní ta ni yóò máa pọn omi lọ sí òdìkejì odò láàárín ọ̀gbẹlẹ̀? Mo ti sanwó, mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á. Mo ní kó ṣí ọgbà. Kò tún sọ̀rọ̀. Ó ṣí i.

Ní ọjọ́ kẹrin, akọ náà ń tiro. Mo ní ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá dúró nínú ọkọ̀ láti òru mọ́jú, ẹsẹ̀ á máa dùn ún. Ní ọjọ́ kẹfà, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí okùn, ó gùn dé ilẹ̀. Mo ní bóyá ewé kan ló jẹ. Ẹ rí i pé n kò ṣàìní àlàyé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo dé ọgbà láago mẹ́fà àárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, mo gbọ́ ìró kan tí n kò gbọ́ rí: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ta ètè, ṣà, ṣà, ṣà, bí àwọn arúgbó tí kò léyín tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Kò sí èyí tó dìde. Wàrà Àdùkẹ́, abo mi àkọ́kọ́, tó máa ń kún ìgò kan ààbọ̀ láàárọ̀, kò kún ife tíì.

Bàbá Ìbejì di etí Àdùkẹ́ mú, mo fi ọwọ́ òsì gbá imú rẹ̀ sókè, mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu níbi tí kò sí eyín, mo fa ahọ́n jáde. Awọ ahọ́n náà bó sí mi lọ́wọ́. Ó bó wọ́ọ́rọ́ bí èèpo tòmátò tí a bu omi gbígbóná lé, ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ pupa fòò, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mo di awọ ahọ́n màlúù mú, n kò mọ ibi tí mo lè jù ú sí. A wo ẹsẹ̀: ìléròrò wà láàárín pátákò méjèèjì, àwọn kan ti bẹ́. Bàbá Ìbejì sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Boru.” Àwa ń pè é ní àrùn ẹnu àti pátákò.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ ọmọ nípa fáírọ́ọ̀sì. Gbogbo ìgbà ni mo ń ya ti ewé tábà sára bọ́ọ̀dù, mo ti yà á títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Ó sì wà nínú nóòtì mi, ìlà kan péré tí n kì í dúró lé lórí, pé ní 1898 àwọn ará Jámánì méjì, Friedrich Loeffler àti Paul Frosch, fi asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá sẹ́ omi inú ìléròrò màlúù, síbẹ̀ omi tó já bọ́ sísàlẹ̀ ṣì ń kó àrùn ran màlúù mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ lára ẹranko nìyẹn, àrùn yìí gan-an ni. Àrùn tó wà nínú nóòtì mi wá bá mi nílé, mo ń bá a sọ̀rọ̀ ìrìn àjò àti ewé.

Mo pe dókítà ẹran, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde, kí ẹran kankan má ṣe jáde. Kó tó dé ni Bàbá Ìbejì mú àbá tirẹ̀ wá. Ó ní nílé bàbá òun, tí boru bá wọ agbo, wọn kì í jẹ́ kó máa rìn láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Wọ́n á fi àkísà nu itọ́ lẹ́nu èyí tó ń ṣàìsàn, wọ́n á fi í pa ẹnu gbogbo àwọn tó kù, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tán lẹ́ẹ̀kan náà. Agbo tó ń rìn láti ibi kan dé ibi kan kò lè jókòó oṣù méjì de àrùn tó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ, nítorí ọgbọ́n ni. Ẹni tó ronú kan èyí ti mọ̀ pé ẹran tó bá ṣe é là á já kì í tún un ṣe bọ̀rọ̀. Abo méjì nínú tèmi kò tíì ta ètè, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ mú àkísà.

Dókítà dé, ó gbọ́ ọ, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé, “Bàbá, mélòó nínú wọn ló ń mu ọmú?” Méjì ni. Ó ní, “Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ abo tí kò tíì ta ètè yìí, àbí? Tí ẹ bá fi àkísà kan ẹnu rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lẹ ń sin.” Ó ní àgbà màlúù kì í sábà kú sí i, kì í tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣì ń mu ọmú, ọkàn rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń jẹ. Ó tún ní agbára tí ẹran rí gbà nínú àkísà yẹn, irú fáírọ́ọ̀sì kan péré ló wà fún. Irú méje ló wà: O, A, C, Asia 1, àti SAT 1, 2 àti 3. Láti 2004 ni wọn kò ti rí C mọ́ níbikíbi. Ní Nàìjíríà, O, A, SAT 1 àti SAT 2 ni wọ́n ti ń bá pàdé. Ẹran tó ṣe O là á já lè tún ṣe SAT 2 lọ́dún tó ń bọ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó gé awọ ìléròrò díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ní Vom, lẹ́bàá Jos, ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó ká àkísà rẹ̀, ó fi sápò.

Ọmọ Àdùkẹ́ ló kú. Akọ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló jẹ́ láyé, kò sì ní ìléròrò kankan lẹ́nu tàbí lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ó bọ́. Ó mu ọmú, ó fi orí gbá ìyá rẹ̀ nídìí ọmú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì ṣubú. Kò jà. Dókítà là á, ó mú ọkàn rẹ̀ lé orí ewé kókò, ó ní kí n wá wò ó. Ọkàn ọmọ màlúù yẹ kó pupa láti òkè délẹ̀. Èyí ní ìlà-ìlà tó rí bí eérú, òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì àgbàdo pupa. Ọkàn ẹkùn ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́ wọn. (Ẹkùn tí wọ́n ń wí kì í ṣe ti igbó wa tó ní àmì tótòtó, ti ilẹ̀ Éṣíà tó ní ìlà ni.) A gbẹ́ ilẹ̀ jìn, a da ẹfun, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní lime, lé e lórí kí ajá má baà hú u. Bí a ṣe ń bò ó ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lẹ́yìn wáyà, ó ń bi mí bóyá mo máa ta á, ó ní ẹran ọmọ màlúù máa ń rọ̀. N kò dá a lóhùn.

Ìtọ́jú wọn kò ní awo nínú. Omi iyọ̀ la fi ń fọ ẹnu wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Èèrí àgbàdo tí a rẹ títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ ni wọ́n ń jẹ, nítorí koríko ọ̀gbẹlẹ̀ dà bí abẹ́ lórí ahọ́n tó bó. A kó iyanrìn gbígbẹ sí ibi tí wọ́n ń sùn sí. Abẹ́rẹ́ oxytetracycline, oògùn tó ń pa bakitéríà, tí mo ti fi ìbẹ̀rù rà sílẹ̀, dókítà ní kò kan fáírọ́ọ̀sì, àwọn méjì tí ẹsẹ̀ wọn ti ń kẹ̀ nìkan ló gún un fún, a sì ń da wàrà wọn nù títí oògùn náà fi kúrò lára wọn. Ẹnìkan ní kí n fi ọ́ìlì ọkọ̀ kun pátákò wọn, ẹlòmíràn ní kẹrosíìnì sí ẹnu. Ẹnu tó ti bó! Bàbá Ìbejì fẹ́ kí wọ́n dúró nínú ẹrọ̀fọ̀ odò kó tu ẹsẹ̀ wọn lára, ìyẹn náà la kọ̀, nítorí ẹran ẹlòmíràn ń mu omi nísàlẹ̀ odò.

Ibi tí ìjà ti le jù ni ewúrẹ́. Gbogbo ẹran tí pátákò rẹ̀ là sí méjì ni àrùn yìí ń mú. Ó máa ń fúyẹ́ lára ewúrẹ́ àti àgùntàn débi pé èèyàn lè má fura, àwọn ló sì ń rìn kiri ju ẹnikẹ́ni lọ nílùú yìí. Méje ni ti ìyá ọkọ mi, ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi ni wọ́n sì ń sùn. Mo lọ kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ìyá ní, “Ìyàwó, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí, n kò so ewúrẹ́ rí nítorí màlúù.” Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi dáhùn ìkíni mi dáadáa. Ọkọ mi ló wá ra okùn. Mo tún lọ bá alágbẹ̀ẹ́dẹ̀ kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ló burú jù: èémí ẹlẹ́dẹ̀ tó bá kó o ń gbé fáírọ́ọ̀sì jáde ju ti màlúù lọ fíìfíì. Ìyẹn kò bá mi jà, ó ti ilẹ̀kùn ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ pa lójú mi.

Àwọn oníbàárà wàrà ń bi mí bóyá àwọn ọmọ máa kó o. Àrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu tí ọmọdé ń ṣe, fáírọ́ọ̀sì mìíràn ló ń fà á, kò bá èyí tan. Ti màlúù kì í sábà mú èèyàn rárá, ṣùgbọ́n n kò ta wàrà ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú wàrà tútù, ìgò tó bá sì jáde lọ́gbà mi lè bá ẹran ẹlòmíràn pàdé.

Oníṣòwò kan wá, ó ní òun máa kó gbogbo wọn ní ààbọ̀ owó. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Gbèsè alájẹṣẹ́kù wà lọ́rùn mi. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé níbo ló ń kó wọn lọ, ó dárúkọ ọjà kan. Mo rí i pé bí tèmi náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Ẹnìkan jókòó, ó ṣírò, ó sì tà á. Mo pe nọ́ńbà ọkùnrin tó ta akọ náà fún mi. Ó gbé e, ó kí mi tayọ̀tayọ̀, mo ní “ẹnu àti pátákò”, ó pa fóònù.

Ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, nígbà tí ó wọlé ní 2001, ẹran tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà kí ó tó dẹ́kun. Jámánì tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, láti 1988 ni wọn kò ti rí i mọ́, ó tún dé ní oṣù kìíní 2025. Àwọn wọ̀nyẹn ń pa, ìjọba ń san owó ẹran padà. Ẹni tí yóò san tèmi kò sí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ fún mi pé pípa ni.

Àgbà alápatà kan ládùúgbò wa béèrè pé kí ló dé tí wọn kò lè lé èyí lọ bí wọ́n ṣe lé àrùn ńlá ìgbà yẹn lọ, èyí tó pa màlúù rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà ní nǹkan bí 1983. Rinderpest ló ń wí. Lóòótọ́ ni wọ́n lé e lọ: ní 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti tán láyé, òun ló ṣìkejì ìgbóná tí wọ́n kéde ní 1980 pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ni rinderpest, abẹ́rẹ́ tí Walter Plowright ṣe ní Kẹ́ńyà sì ń ṣọ́ màlúù títí ayé rẹ̀ lẹ́yìn ìgúnni kan. Ti ẹnu àti pátákò, ẹ ti gbọ́ iye irú tó ní. Ó tún lè fara pamọ́ sí ọ̀fun màlúù tó ti yá títí dé ọdún mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni níbẹ̀rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan, lẹ́yìn náà lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó sì gbọ́dọ̀ bá irú tó wà nílẹ̀ mu.

A ti gún ti àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ìgò kan pọ̀ ju màlúù mi lọ, èyí tí a bá sì ti ṣí kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú dọ̀la, nítorí náà àwa márùn-ún tó ní màlúù ládùúgbò dáwó jọ. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò gbọ́dọ̀ gbóná, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Kò síná lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja yìnyín ni mo ti ra yìnyín sínú kúlà, dókítà fi ìwé ìròyìn wé àwọn ìgò kí yìnyín má baà kàn wọ́n. Títí di òní, kúlà mi ń rùn ẹja tútù.

Gbogbo àgbà màlúù ló yè. Akọ tó gbé e wá ló kọ́kọ́ yá, ó sán bí ó ṣe sán. Àdùkẹ́ kò padà sí bó ṣe wà. Irun rẹ̀ ti gùn hàù-hàù, tí oòrùn bá ti lé díẹ̀, á lọ dúró sábẹ́ igi kajú, á la ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá. Dókítà ní àwọn kan máa ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá mo ra abo kékeré kan. Òdìkejì odò ló wà, ọjọ́ rẹ̀ kẹtàdínlógún rèé. Èmi ni mò ń pọn omi lọ bá a, garawa méjì kí n tó lọ sí ilé ìwé, méjì tí mo bá dé. Bàbá Ìbejì máa ń dúró ní tiwa, á fi ọ̀pá ti abẹ́ ìgbọ̀nwọ́, á máa wò mí bí mo ṣe ń gòkè. Kò tíì sọ nǹkan kan.